Kùkùté Inú Oko Bàbá Mi

Mo ṣe ìlérí nínú ìtẹ̀jáde tí ó kọjá pé ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ láàárín tọkọtaya ni a ó jọ sọ ní ìgbà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba ipò rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n sinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, màmá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Màmá yìí kì í ṣe ẹni tí ó ń jókòó sẹ́yìn nínú ilé Ọlọ́run. Òun ni ó ń darí orin àwọn obìnrin, ohùn rẹ̀ sì ni gbogbo ìjọ fi ń wọ inú ìyìn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ni ó bá wá, nítorí aṣọ ẹgbẹ́ ti fa wàhálà díẹ̀ láàárín àwọn ìyá ní oṣù náà. Mo pe ìyàwó mi wọlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a jókòó.

“Pásítọ̀,” màmá náà wí, “ó di oṣù mẹ́jọ báyìí tí n kò lè gbàdúrà mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀, ńṣe ni ẹnu mi ń gbẹ. Mò ń kọrin, àwọn ènìyàn ń sunkún, àwọn kan ń dọ̀bálẹ̀, èmi tí mò ń kọ ọ́ kò sì mọ nǹkan kan lára. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé Ọlọ́run ti fi mí sílẹ̀ ni, àbí èmi ni mo fi Í sílẹ̀ tí n kò mọ ọjọ́ tí mo fi Í sílẹ̀?”

Ẹ̀yin olùkà mi, a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí màmá yìí. Gbogbo ìjọ ni ó mọ̀ ọ́n. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin lọ bímọ, ọmọ wà láàyè, ìyá rẹ̀ kò padà wálé. A ti gbààwẹ̀ fún ìbímọ yẹn, ọjọ́ 21 gbáko. Lẹ́yìn ìsìnkú, a kí màmá, a ṣe é lẹ́tọ̀ọ́, a sọ gbogbo ohun tí àwọn onígbàgbọ́ máa ń sọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì ó tún di gbohùngbohùn mú, ó kọrin, a pàtẹ́wọ́, a ní “Ẹ wo ìgbàgbọ́!” A kò bi í léèrè mọ́. Ọmọ-ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè sì wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó rí èkejì nítorí pé àkọ́kọ́ gba gbogbo ojú wa.

Ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kan ti wà lẹ́nu mi tí mo fẹ́ fi dá a lóhùn. Ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Mo pa ẹnu mọ́.

Ó ní ìdí tí ó fi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Nígbà kan, ìjà ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ tí mo ń bójú tó, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi kí ó tó lọ tí n kò lè kọ síhìn-ín. N kò ṣíwọ́ ìwàásù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí ó fi jẹ́ pé ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni mo ń ṣí, tí mò ń ka ohun tí mo ti wàásù rẹ̀ nígbà tí iná ṣì ń jó nínú mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí a ti ń jẹun, ìyàwó mi wò mí. “Dádì,” ó ní, “ìwàásù òní yìí, mo ti gbọ́ ọ rí. Àní ibi tí ẹ ti dẹ́rìn-ín pa ìjọ pàápàá kò yí padà.” N kò lè gbé oúnjẹ tí ó wà lẹ́nu mi mì. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ inú ọgbà Olúwa kan bá ń ka èyí, tí ó ń ṣe é bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òun ni mò ń sọ, kí ó mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ́ onítọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí oko.

Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá mi. Ó jogún oko náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni, àwọn igi tí ó wà nínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí mo fi máa di ọmọ ọdún 11, oko náà ti gbó. Àwọn igi ga lọ sókè, ewé wà lórí wọn, ẹni tí ó bá ń kọjá lójú ọ̀nà yóò sọ pé oko ọlọ́rọ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo igi kan láti ìdí dé orí, ẹ lè má rí ju èso méjì tàbí mẹ́ta lọ, ọ̀kẹ́rẹ́ yóò sì ti dá ọ̀kan lu nínú wọn. Ojú ọ̀nà ni oko yẹn ti dára, kò dára nínú agbọ̀n ìkórè.

Òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá kí wa. Ó wo oko náà yí ká, ó ní, “Bàbá, ẹ má hú wọn o. Ẹ gé wọn.” Ó fi ọwọ́ díwọ̀n rẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan láti ilẹ̀. Ó ní kí a gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí omi òjò má baà dúró lójú ibi tí a gé, kí kùkùté má baà jẹrà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kì í ṣe ti ayọ̀. Ó ní, “Igi tí ẹni tí ó bí mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn?” Ìyá mi kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé kí ni a ó fi san owó ilé ìwé.

Ohun tí òṣìṣẹ́ náà sọ lẹ́yìn èyí ni n kò gbàgbé títí di òní. Ó ní bí ẹ bá gbin ọmọ kòkó tuntun, yóò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so, ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ sì lè pa á, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n igi àtijọ́ yìí, gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ sí ibi tí oòrùn kò lè dé. Ohun tí ó gbó nínú rẹ̀ ni òkè. Ìsàlẹ̀ kò gbó.

Bàbá mi pín oko náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì gé ìdá kan ní ọdún náà. Mo wà níbẹ̀. Oòrùn wọ ibi tí kò wọ̀ rí láti ayé bàbá bàbá mi. Kùkùté kún ilẹ̀ bí ìgbà tí ogun kọjá. A gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí àárín wọn fún ibòòji, òun náà sì ni a jẹ lọ́dún yẹn títí tí ọ̀fun wa fi sú wa. Àwọn ará abúlé ń ya oko náà wá wò, wọ́n á mi orí, wọ́n á lọ. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nǹkan kan. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n mo rí i pé ibẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ gbà lọ ní òwúrọ̀ kí ó tó lọ sí oko iṣu.

Lẹ́yìn òjò bí mélòó kan, èéhù yọ. Ewé rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, gẹ́gẹ́ bí ewé kòkó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ti máa ń rí. Kì í ṣe ẹyọ kan, méje, mẹ́jọ, yí kùkùté kan ká. Mo fò sókè, mo ń pariwo. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá mi mú ọ̀bẹ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gé wọn dànù. Mo ní, “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀!” Ó ní bí a bá fi gbogbo wọn sílẹ̀, wọn yóò máa bá ara wọn jìjàdù, kò sì sí èyí tí yóò di igi. Ẹyọ kan ni ó fi sílẹ̀ lára kùkùté kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó súnmọ́ ilẹ̀ jù lọ, nítorí pé èyí tí ó bá súnmọ́ ilẹ̀ lè ta gbòǹgbò tirẹ̀ kún ti ìyá rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, a ká kòkó lórí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì yín ti ń rò ó lọ́kàn pé ìwé Jóòbù orí 14 ni Pásítọ̀ ń lọ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni Jóòbù ti sọ̀rọ̀ igi tí a gé lulẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ gbó nínú ilẹ̀, tí ó sì tún hù nígbà tí ó gbọ́ òórùn omi. Kò tíì mu omi náà o, òórùn rẹ̀ lásán ni ó gbọ́! A máa ń wàásù ibẹ̀ gan-an, a máa ń fi gbàdúrà ní òpin ọdún, gbogbo ìjọ á sì ké Àmín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ṣí ibẹ̀ lónìí, kí ẹ ka ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e. Jóòbù kò fi igi náà ṣe ìwàásù ayọ̀. Ó fi ń ráhùn ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé igi sàn ju ènìyàn lọ: a gé igi, ó tún hù, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ènìyàn sínú ilẹ̀, òun dà? Ẹni tí ó ti sin ọmọ mẹ́wàá ni ó ń sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó lè dá a lóhùn, nítorí pé ìdáhùn ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bí mo ṣe ń ronú lórí màmá wa yìí, orí 14 yẹn ṣí sí mi lọ́nà mìíràn. Ìbéèrè Jóòbù ni ìbéèrè rẹ̀. Ọlọ́run kò sì lé Jóòbù kúrò níwájú Rẹ̀ nítorí pé ó béèrè. Ní ìparí ìwé náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí ni Ọlọ́run bá wí, Ó sì dá Jóòbù láre pé òun ni ó sọ ohun tí ó tọ́ nípa Òun.

Wòlíì Aísáyà náà rí kùkùté kan. Ẹ wo orí 11. Kùkùté Jésè, baba Dáfídì. Ilé ọba ni ilé yẹn, ṣùgbọ́n wòlíì náà rí i bí igi tí a ti gé dé ilẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka kan yóò hù jáde láti ibẹ̀. Bábílónì wá, wọ́n wó Jerúsálẹ́mù, wọ́n mú ọba nígbèkùn, kò sì sí ọmọ Dáfídì kankan lórí ìtẹ́ náà mọ́. Ó lé ní 500 ọdún tí kùkùté yẹn fi wà bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ẹni tí ó kù nínú ìdílé náà nígbà tí Màríà bí ọmọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ọmọ yẹn náà ni wọ́n tún gé lulẹ̀ lórí igi àgbélébùú, tí wọ́n sin, tí wọ́n sì yí òkúta dí i. Ní ọjọ́ kẹta, Ó dá Jóòbù lóhùn.

Nítorí náà, ìlérí ìsọdọ̀tun tí a ń sọ yìí kì í ṣe pé Ọlọ́run yóò tún wa kùn bí ìgbà tí wọ́n tún ilé àtijọ́ kùn. Ẹni tí ó jí kúrò nínú òkú ni gbòǹgbò wa. Ohun tí ó gbó lára wa, tí ó gbẹ, tí kò so èso mọ́, òkè ni. Ìsàlẹ̀ kò gbó.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni yóò hù? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà fún àwa ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì. A fẹ́ kí ohun gbogbo ṣẹlẹ̀ ní òru ìṣọ́ kan ṣoṣo. N kò bá òru ìṣọ́ jà, mo ti rí ohun tí Ọlọ́run ṣe níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí Ìsọjí ńlá ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn infulúẹ́ńsà ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí kóra jọ láti gbàdúrà. Bàbá Joseph Shadare wà lára wọn, arábìnrin Sophia Odunlami náà sì wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Ní ọdún yẹn, ọmọ ọdún 14 ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún 1928 ni Ọlọ́run tó pe ọmọkùnrin náà, níbi tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Oṣù Keje ọdún 1930 ni iná sì sọ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń rọ́ lọ síbẹ̀.

Ọdún 12 ni ó wà láàárín àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde àti iná Iléṣà. A máa ń sọ ìtàn ọdún 1930, a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ti ọdún 1924 tàbí 1926, nígbà tí àwọn díẹ̀ wọ̀nyẹn kàn ń pàdé, tí wọ́n ń kúnlẹ̀, tí wọ́n sì ń padà sílé. Àní ìpàdé àwọn aṣáájú tí ó gbé wọn dé Òkè-Oòyè yẹn pàápàá, láti jíròrò lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń fa àríyànjiyàn láàárín wọn ni. Àárín irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run gbà wọlé.

Pọ́ọ̀lù náà kò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ nípa èyí. Nínú 2 Kọ́ríńtì orí 4, ọkùnrin tí wọ́n ti nà, tí wọ́n ti sọ ní òkúta, sọ pé ara òde ń bàjẹ́ lọ ṣùgbọ́n ti inú ń di tuntun lójoojúmọ́. Lójoojúmọ́ ni ó kọ o, kì í ṣe lọ́dọọdún. Mánà ni, kì í ṣe àká.

Èyí kan ilé wa gan-an. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òtítọ́. Nígbà tí ọkàn mi gbẹ lọ́dún yẹn, ńṣe ni àdúrà òwúrọ̀ ilé wa túbọ̀ ń gùn. Mo ń pariwo, àwọn ọmọ ń sùn lórí àga, mo ń fi ìwé orin gbá wọn lórí. Mo rò pé ariwo yóò bo ọ̀gbẹlẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mọ̀. Ọmọ máa ń mọ̀. Nígbà tí ìyàwó mi ti sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a dín in kù. Sáàmù kan, ká á láìyára. Kí olúkúlùkù sì sọ ohun kan tí ó jẹ́ òtítọ́ fún Ọlọ́run, ì báà kéré. Àbíkẹ́yìn wa sọ pé òun kò fẹ́ràn olùkọ́ ìṣirò. A ní Àmín. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní, “Bàbá, inú mi kò dùn sí ọ̀rẹ́ mi.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èéhù tí ó súnmọ́ ilẹ̀ nìyẹn.

Mo sì ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọ̀bẹ bàbá mi. Bí ọkàn ẹlòmíràn bá ti gbẹ, òru ìṣọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, òkè àdúrà méjì, kásẹ́ẹ̀tì oníwàásù mẹ́fà, wòlíì kan ní ìlú kejì. Ẹnì kan ti sọ fún màmá wa yìí pé àwọn ọ̀tá ni wọ́n di ẹnu rẹ̀, pé kí ó mú owó báyìí wá. N kò sọ pé ọ̀tá kò sí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó sin ọmọ rẹ̀, tí kò rí ẹni bá a sunkún dé òpin, kò nílò kí a wá ọ̀tá fún un kí a tó mọ ìdí tí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ẹ gé àwọn yòókù dànù, kí ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Bí oorun bá sì kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí oúnjẹ kọ̀, ẹ lọ rí dókítà pẹ̀lú. Lúùkù tí ó kọ ìwé Ìyìn Rere, dókítà ni.

Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, ìyàwó mi ni ó sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Ó ní, “Màmá, bí Olúwa bá jókòó sórí àga tí ó ṣófo yẹn, kí ni ẹ máa sọ fún Un?” Màmá wo àga náà pẹ́. Kò dáhùn. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó dìde, ó lọ. Èmi rò pé a ti bà á jẹ́. A ní kí ó má darí orin fún ìgbà díẹ̀, kí ó kàn jókòó bí àwọn yòókù. Àwọn kan ń kùn pé a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Ọjọ́rú tí ó kọjá, ó dá mi dúró lẹ́nu géètì, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. (Ó fún mi láṣẹ kí n tó kọ gbogbo èyí, mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ìjọ.)

“Pásítọ̀, mo ti dáhùn ìbéèrè tí Màmá ìjọ bi mí,” ó wí. “Lóru àná.”

“Kí ni ẹ sọ fún Un, Màmá?”

“Mo sọ fún Un pé inú ń bí mi. Mo dárúkọ ọmọ mi, mo sì sọ pé inú ń bí mi.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

Ó gbé ọmọ náà sókè díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ọ̀já so kí ó le.

“Mo sùn,” ó ní. “Ilẹ̀ mọ́ kí n tó jí.”